Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Dá Ẹjọ́

Òfin àgbáyé ni òfin tó de orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Òun ni Dúrósinmí ń kọ́ nípele Másítà, ní yunifásítì aládàáni kan lẹ́yìn ìlú Ìbà ní Èkó. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó sì ń ṣe tíṣà ní Igbó-Elérin. Kókó kan ṣoṣo ni pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé: adájọ́ kò gbọdọ̀ jókòó dá ẹjọ́ tí èrè rẹ̀ yóò kan òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bí wọ́n bá dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ti Dúrósinmí ti padà lẹ́ẹ̀kan.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Moṣọpẹ́ ní Okokomaiko ló ti ń tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti agolo mílíìkì tó kún fún oríṣiríṣi bírò. Bí Àǹtí ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Lọ́yà! Wọ́n tún ti dá a padà, àbí? Orí kẹta ni."

Dúrósinmí kò tíì ṣí àpò rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín mà?"

"Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Orí kẹta ló máa ń pa wọ́n."

Orí kẹta ni lóòótọ́. Wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: *Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, àlàyé kò sí.*

"Ẹ jẹ́ n bá yín kọ ọ́ jàre. Gbogbo àwọn tó yege lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo kọ tiwọn."

"Àǹtí, òfin ni mò ń kọ́ o! Ṣé kí n wá máa ṣe màgòmágó?"

"Ẹ máa kọ́ òfin lọ. Àwọn tó gbé tiwọn wá síbí ti gba ìwé ẹ̀rí."

Dúrósinmí lọ bá Dókítà Akínwándé, olùkọ́ tó ń máàkì pírójẹ́ẹ̀tì wọn. Dókítà ń múra ìrìn àjò. Báàgì Ghana-must-go kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pírójẹ́ẹ̀tì kún un, wọ́n sì fi okùn funfun so ó nítorí pé síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣàlàyé ní orí kẹta?"

Dókítà gba ìwé náà, ó sún un mọ́jú, ó kà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíì.

"Ó ṣe kedere. Lọ ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Ọjọ́ méjì ni Dúrósinmí fi rò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé pírójẹ́ẹ̀tì náà fún Àǹtí pẹ̀lú owó iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Àǹtí dá a padà fún un ní títẹ̀, Dúrósinmí sì kà á látòkè délẹ̀.

"Àǹtí, ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ náà nìyí. Ìpínrọ̀ méjì péré lẹ pààrọ̀ ààyè wọn!"

"Ẹ gbé e lọ ná, Lọ́yà."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni èsì dé, pẹ̀lú yíǹkì pupa: *Iṣẹ́ ọpọlọ pípé. Ó yege.*

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá Àǹtí Moṣọpẹ́ níbi tó jókòó ti báàgì Ghana-must-go kan, okùn funfun rẹ̀ wà nílẹ̀, bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí kẹta ìwé ẹlòmíì pé: *Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, àlàyé kò sí.*