Pátákó Màríyámọ̀

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Vogt ní Fort Washington, ní Amẹ́ríkà, ni Wúlẹ̀mọ̀tù ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú bàbá ará Jámánì náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ilé mẹ́ta ló ti kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń gbé Humaira, ọmọ oṣù méje, dání. Bàbá yìí nìkan ló ní kó máa gbé e bọ̀.

Pátákó igi kan wà lára ògiri pálọ̀. Ìlú Nuremberg ní Jámánì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ó ti lé ní irínwó ọdún: Màríyámọ̀ ìyá Ànábì Ìsá jókòó, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Láyé ìgbà náà, wọ́n á fi yíǹkì pa á, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ìyàwó bàbá ló ni ín. Kó tó kú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tó bá di ọdún 1996, kí wọ́n gbé e fún mùsíọ́mù, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí.

“Tí wọ́n bá gbé e lọ, kí ni mo máa máa wò?” Bàbá fi ìka tó di báńdéèjì kan etí pátákó náà.

Ìka rẹ̀ kì í yé gbọgbẹ́ nígbà yẹn. Wúlẹ̀mọ̀tù á bá a dì í, á sì sọ̀kalẹ̀ lọ gbá èèrún igi ní yàrá abẹ́ ilé, níbi tí bàbá ní òun ti ń kan ilé ẹyẹ, àmọ́ kò rí ilé ẹyẹ kankan níbẹ̀ rí.

“Wúlẹ̀, wàláà tí o ní ẹ fi ń kéwú lọ́mọdé, báwo lẹ ṣe ń pa ohun tí wọ́n kọ sí i rẹ́?”

“Omi la fi ń fọ̀ ọ́, sà. Tá a bá ti há a sórí tán, a ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó sá a sóòrùn.”

“Omi gbígbóná?”

“Tí tàdáwà tá a fi kọ ọ́ bá ṣagídí ni, sà.”

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn ará mùsíọ́mù dé, Wúlẹ̀mọ̀tù bá pátákó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, yíǹkì bò ó dúdú.

“Bá mi ṣe é kó mọ́ fún àwọn àlejò,” bàbá wí láti orí àga rẹ̀.

Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ bí wàláà. Ó sá a sóòrùn. Nígbà tó fi máa padà débẹ̀, pátákó ti là láti orí Màríyámọ̀ dé ẹsẹ̀ ọmọ. Ìdààmú yìí kò jẹ́ kó wá ìnura yẹ́lò Humaira tó sọnù lọ́jọ́ náà.

Bàbá kò bínú. Ó kọ ìwé kan pé Wúlẹ̀mọ̀tù ló ṣèèṣì bà á jẹ́, ó ní kó fọwọ́ sí i. “Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́. Ìwọ àti ọmọ rẹ, ẹ máa bọ̀.”

Ọkùnrin mùsíọ́mù ka ìwé náà lórí ìdúró, ó wo ibi tó là, ó sì padà lọ́wọ́ òfo.

“Pákó tí wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn dó,” Jàfárù ọkọ rẹ̀ wí nílé, “ìyàwó mi bomi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ó ku kó o pa á lóróró, kó o pọ̀n ọ́n.”

Wúlẹ̀mọ̀tù kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ló ti ń wá lọ́jọ́ Sunday pàápàá, ó ń fọ ilé, ó ń se ọbẹ̀ sílẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Tó bá ń fún Humaira lọ́mú, á kẹ̀yìn sí ibi tó ṣófo lára ògiri.

Lóṣù karùn-ún lẹ́yìn náà, bàbá ṣubú, wọ́n gbé e lọ sí hòsípítù. Nọ́ọ̀sì tẹlifóònù pé kí wọ́n kó aṣọ ìsùn rẹ̀ wá. Wúlẹ̀mọ̀tù wọ yàrá bàbá, ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀.

Lábẹ́ aṣọ ìsùn, nínú ìnura yẹ́lò Humaira, Màríyámọ̀ jókòó, ó ń fọ́mọ lọ́mú, pátákó rẹ̀ kò sì là níbì kankan.