Jígí Nóà Ti Tán

Ìbídùn ló ń pín jígí ojú lẹ́nu ọ̀nà àfonífojì olókùúta kan, jígí tó ń fi bí ibẹ̀ ṣe wáyé han ẹni tó bá fi í sójú. Ẹni tó bá gba jígí Nóà á rí ìkún-omi tó to ìpele àpáta jọ láàárín ọdún kan. Ẹni tó bá gba èkejì á rí i bí àwọn ìpele náà ṣe ń ga díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún.

Bàbá rẹ̀, Díákónì Olúfúnwa, kì í gba èkejì, kì í sì í jẹ́ kí Ìbídùn, tó ń lo èkejì, bá òun sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe dé, Ìbídùn sọ fún un pé: “Ẹ má bínú, Bàbá. Ti Nóà ti tán. Irú èyí tí èmi ń lò ló kù.”

Bàbá rojú, ó fi èkejì sójú. Ó gbójú sókè.

“Òkun ló wà níbí, Ìbídùn. Ẹja ń kọjá lórí wa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Omi náà ni. Ó kàn pẹ́ kó tó fà ni. Ó yá, jẹ́ ká jọ sọ̀kalẹ̀.”