Ẹ̀rí Tí Bàbá Jẹ́

"Bàbá fúnra wọn ló sọ fún mi," ni àkọ́bí ń wí fún dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ní tó bá di báyìí, kí ẹ pa ẹ̀rọ tó ń bá àwọn mí, kí àwọn lè lọ sinmi."

Irọ́ ni. Bàbá ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìtọ́jú náà ló ti sú àkọ́bí fúnra rẹ̀, bí ẹni ń pọnmi sínú agbọ̀n.

"A ní láti bi wọ́n."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, dókítà. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Dókítà ti bẹ̀rẹ̀ síbi etí aláìsàn. "Bàbá, ṣé òótọ́ lọmọ yín sọ? Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá lajú kedere. Wọn ò wo dókítà, ọmọ wọn ni wọ́n ń wò. Ojú gbà á tì. Irú ojú yìí náà ni wọ́n fi wò ó nígbà èwe rẹ̀, lọ́jọ́ tó fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé aládùúgbò, tó ń ṣẹ́ kanlẹ̀, tí Bàbá sì yíjú sí aládùúgbò: "Ẹ má bínú, èmi ni mo fọ́ ọ."

Bàbá ṣẹ́jú. Wọn ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì.