Ẹ̀ka Tí Wọ́n Pè Ní Igi

Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn o. Ẹni tó bá fojú fò ó, omi máa tó sọ ọ́ fún un.

1.
Màmá Ọlọ́gbà ló ń tọ́jú igi fún ìjọba ìbílẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ́fíìsì wọn létí odò. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè náà ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé kí kálukú gbin ẹgbẹ̀rún igi sí bèbè odò tirẹ̀, kí àgbàrá má baà gbé ilẹ̀ lọ. Màmá bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, ó bomi rin ín, ẹgbẹ̀rún irúgbìn hù. Ni Alága bá ní kí wọ́n kó wọn dà sójú oòrùn, òun fẹ́ máa gbé ọkọ̀ síbi tí wọ́n wà.

"Alága, ọkọ̀ yín lè dúró níbòmíì. Àwọn ọmọ mi wọ̀nyí ò lè rìn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé igi máa ń dìbò ni?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn ti gbẹ.

2.
Lẹ́tà dé: àwọn aṣojú agbègbè ń bọ̀ wá wo igi. Ẹ gbọ́ ohun tí Alága ṣe o! Ó ní kí wọ́n gé àwọn igi àgbà tó di bèbè mú, kí wọ́n já ẹ̀ka wọn, kí wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ tò-tò-tò.

"Ó ṣáà léwé lórí. Ta ló máa wo ìdí rẹ̀? Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín, àbí kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

"Ilé mi ò jìnnà, bèbè yìí náà ló wà. Ẹnu mi ò ní gbin ohun tí ọwọ́ mi ò gbìn."

3.
Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Màmá la àárín wọn kọjá. Ó fi ìka méjì fa ẹ̀ka kan yọ. Ó fa òmíràn.

"Gbòǹgbò dà?"

"Ẹ má dá a lóhùn! Ogbó ló ń dà á láàmú!"

"Ó ń dà mí láàmú lóòótọ́, Alága. Àmọ́ ìka mi ṣì mọ igi."

Àwọn àlejò wọ ọkọ̀ wọn láìdágbére. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Alága ti lé Màmá kúrò níṣẹ́.

4.
Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bèbè tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ ya lulẹ̀ gbì. Ilé ìdáná Màmá wọ odò. Ọ́fíìsì tẹ̀lé e, tòun ti ọkọ̀ Alága. Aráàlú fárígá, wọ́n yọ ọ́ nípò. Ó wá bá Màmá níbi tó ti ń gbin irúgbìn tuntun nínú ẹrẹ̀; ó ti gbin ọgọ́rùn-ún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé òjò ló fà á."

"Ẹ kúnlẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni. Màmá gbé irúgbìn kan lé e lọ́wọ́.

"Ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ẹ gbẹ́lẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò, ẹ ṣọ́ra o: ìwé àdéhùn kì í di bèbè mú, gbòǹgbò ló ń dì í mú. Ẹ̀yin aráàlú, bí wọ́n bá fi igi hàn yín, ẹ fà á wò, ẹ má bẹ̀rù ẹnì kankan. Irọ́ a máa tanná, kì í so.