Salmah àti Fídíò Ìyá Olómi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Salmah, ọmọ Sànúsí ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo, mọ fídíò í ṣe. Ìṣẹ́jú kan péré, kò ní fi orin sí i, kò ní gé nǹkan kan kúrò: ìyá tó ń sá aṣọ, ẹni tó ń fọ kẹ̀kẹ́. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, ó sì wá ń ṣe fáàrí. Kì í dúró gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pàdé Ìyá Níyìọlá, aládùúgbò wọn, tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò Ọ̀ṣun.

"Ìyá, ṣé kí n yà yín?"

Ìyá ò fọhùn, wọ́n kàn ju ọwọ́. Salmah ní wọ́n ti gbà nìyẹn, ó sún mọ́ wọn. Ìyá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ kọ, ìkòkò sì fọ́.

Ọmọ Òṣogbo mà ni o! Ó yẹ kó mọ̀ pé ẹni tó bá ń pọn omi Ọ̀ṣun fún ìwòsàn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí yóò fi délé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò tí Salmah gbé síta ti kárí ìlú. Wọ́n ń bi ara wọn bóyá odi ni màmá náà. Àdíját, ìyá Salmah, pè é.

"Níyìọlá lóyún. Oyún mẹ́ta ló ti bọ́ lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi sọ fẹ́nì kan. Ọjọ́ méje ni ìyá rẹ̀ fẹ́ fi pọn omi yẹn fún un, kí oyún náà lè dúró. Ọjọ́ kẹfà lo bà jẹ́."

Salmah pa fídíò náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Níyìọlá.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé ẹ gbà ni."

"Níyìọlá ò jẹun. Ó ní oyún yìí náà ti lọ nìyẹn." Ìyá fọwọ́ pa ọrùn. "Lọ́la ni màá tún bẹ̀rẹ̀. Ọrùn ń dùn mí. Wá bá mi ru ú, kó o fi fóònù sílé."

Salmah ru omi fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́kadà kan gbé fóònù sókè, ó ń yà á. Kò lè sọ pé kó má yà òun. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Níyìọlá bímọ, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Ìyá fúnra wọn ló ránṣẹ́ pe Salmah.

"Mú fóònù rẹ wá. Ọwọ́ ọmọ nìkan ni kó o yà."

Ọwọ́ nìkan ló yà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya èèyàn kiri, mo bẹ̀ yín, ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ẹ dúró gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ.