Hàrúnà Tó Kó Kànga Méjìlá Sórí Títì

Ohun kan ṣoṣo ló ba Hàrúnà jẹ́: ó fẹ́ràn fáàrí ju ìbéèrè lọ. Tíṣà jọ́gíráfì ni ní Ìlọrin, Adéwọlé ló ń gbé. Ó mọ̀wé, ó lawọ́, ẹ̀rín sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ń tàn yanran, Hàrúnà ò ní wádìí mọ́. Ó ti ra bàtà kan rí tó ń dán bíi dígí, tí kò sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ kírun Yídì, ẹsẹ̀ lásán ló fi padà sílé.

Ní ọdún kan, àwọn olùyọ̀ǹda-ara kóra jọ ní Tanke láti ya máàpù àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìlọrin. Àwọn kan tó ń tún kànga ẹlẹ́rọ ṣe ti ṣèlérí pé àwọn yóò wá tún èyí tó bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, bí wọ́n bá ti lè rí máàpù tó fi ibi tí kànga wà hàn. Wọ́n fi Hàrúnà ṣe olórí, wọ́n ní kó lọ yan GPS, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn ń mú lọ́wọ́ rìn, tó ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì láti sọ ibi tí ènìyàn dúró.

Alhaja Màsúdát, tó ti ṣiṣẹ́ ìwọnlẹ̀ fẹ̀yìn tì, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, èyí tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni kó o rà, nítorí kò síná lábúlé. Kó jẹ́ èyí tí òjò ò lè bà jẹ́. Kó o tó sanwó, gbé e wọ pápá tí kò sọ́nà, kó o wò ó bóyá òótọ́ ló ń sọ."

"Ẹ má ṣèyọnu, Alhaja. Mo ti gbọ́."

Lóòótọ́ ló gbọ́, kò kàn gbà ni.

Ní Challenge, nínú Ìlọrin níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù gbé ẹ̀rọ méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan dúdú, ó nípọn bí ọṣẹ abúlé. Èkejì fẹ̀ lójú, ó ń tàn, ohùn obìnrin sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Orí Hàrúnà wú.

"Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́."

"Ọ̀gá, inú mọ́tò ni wọ́n máa ń gbé èyí sí o. Ojú títì nìkan ló mọ̀. Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ dán an wò?"

"Ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ ohun tó ń rà ni?"

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Hàrúnà rò pé ìtìjú ni ìbéèrè.

Nígbà tó di Sátidé, ó gbé ẹ̀rọ náà kọ́rùn, ó dé Budó Alágbẹ̀dẹ. Ibi tó bá ti tẹ̀ ẹ́, obìnrin inú rẹ̀ á ké jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Alángùá, bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí abúlé, tẹ́tí sí i.

"Tíṣà, obìnrin inú ẹ̀rọ yìí, ṣé ó ti jẹun?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá bá tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ náà.

"Títì ọ̀dà nìyí. Kànga wa sì rèé lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́, ó tó ìrìn ìdajì wákàtí sí títì. Kí ló gbé àmì rẹ̀ dé orí ọ̀dà?"

"Bàbá, láti òkè ló ti ń wò ó. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ju òkè lọ ni?"

"Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran," ni Alángùá wí.

Hàrúnà yí abúlé mẹ́fà po, ó ka kànga méjìlá, ó sì fi máàpù ránṣẹ́ láìjẹ́ kí Alhaja Màsúdát yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ tún kànga ṣe tẹ̀lé máàpù náà. Kànga àkọ́kọ́, àárín títì. Èkejì, àárín títì. Níbi ẹ̀kẹta, màlúù kan ló sùn sórí ọ̀dà. Wọ́n fọn fèrè títí, kò dìde.

"Kànga rèé o," ni dẹ́rẹ́bà wọn wí. "Ẹ sọ korobá sí i lẹ́nu."

Inú bí wọn, wọ́n rò pé ẹnì kan ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n sì gba agbègbè mìíràn lọ. Ó di oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún lè yà.

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin Budó Alágbẹ̀dẹ ti fọ garawa wọn, tí wọ́n tò wọ́n sídìí kànga. Wọ́n dúró títí oòrùn fi yí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, wọ́n gbé garawa wọn, wọ́n forí lé odò tó jìnnà. Sẹ̀kínátù, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, wà láàrin wọn.

Nígbà tí Hàrúnà gbọ́, ó forí lé Budó Alágbẹ̀dẹ. Ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alángùá.

"A ti gba ẹ̀bẹ̀," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ò ṣeé fi ro tùwó. Garawa rẹ rèé."

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, gbogbo Sátidé ni Hàrúnà ń pọnmi láti odò wá sílé Sẹ̀kínátù àti ilé àwọn arúgbó. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi fún Alhaja Màsúdát, òun ló sì lọ ra ẹ̀rọ tó dúdú náà, tó fi ya máàpù mìíràn. Bí àwọn ọmọdé bá rí Hàrúnà, wọ́n á kígbe pé, "Tíṣà Kànga-Orí-Títì!" Kò lè bá wọn wí, nítorí bó bá yí ọrùn, omi á dà sí i lára.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ẹwà ohun èlò kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò jẹ nínú èrè tàbí ìyà rẹ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é rí, ká sì dán ohun tí a fẹ́ rà wò kó tó di tiwa. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí á má fi ẹ̀rọ pa onílé lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ń mu omi kànga ló mọ ibi tí kànga wà.