Ológbò Tó Kó Àrùn Wọlé

“Dókítà, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa á, kí ọkàn mi balẹ̀.”

Ìyá ọkọ ti agbọ̀n ìyàwó ọmọ rẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó gbá ológbò tirẹ̀ mọ́ra. Ọmọ ológbò inú agbọ̀n sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ipin ti lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pa.

“Mà, ó ṣeé tọ́jú,” ni ìyàwó wí.

“Dákẹ́. Ọmọ mi ní òun fẹ́ ìyàwó, kò ní òun fẹ́ ológbò. Kò tíì pé oṣù kan tí ẹ dé, tèmi náà ti ń sín. Èyí tó kó àrùn wọlé ò ní bá wa padà lónìí.”

Ìyàwó di etí agbọ̀n mú ṣinṣin.

Oníṣègùn ẹranko tan iná sí ojú ológbò àgbà, ó rí àpá funfun kan tó ti pẹ́ nínú ẹyinjú rẹ̀.

“Ìgbà wo ni ojú èyí kọ́kọ́ ṣe ipin?”

“Ọdún kẹsàn-án rèé, nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti san.”

“Kò lọ, Mà. Ńṣe ni àrùn náà sùn sí i lára. Ìnira àti ariwo ilé ló jí i. Tiyín ló kó o ran ti ìyàwó.”

Ìyàwó jọ̀wọ́ agbọ̀n.

“Dókítà,” ó rọra wí, “ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ti wà ní sẹpẹ́?”

Ìyá ọkọ fi apá méjèèjì bo ológbò rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.